Ọjọ́ Tí Gbàjámọ̀ Gbá Gọ́ọ̀fù

Kí n má parọ́ fún yín, pápá gọ́ọ̀fù tí èmi àti bọ̀ọ̀dá mi ti ń ṣiṣẹ́ yìí, bí áńgẹ́lì bá ṣìnà tó balẹ̀ síbẹ̀, yóò bọ́ bàtà kó tó rìn. Igi ibẹ̀ ga débi pé ẹyẹ tó bá fẹ́ sùn sórí ẹ̀ lálẹ́ gbọ́dọ̀ ti máa fò lọ sókè láti àárọ̀. Òdòdó yí gbogbo ẹ̀ ká bíi pé ọgbà ọba kan fẹ́ ọgbà ọba kejì, tí wọ́n sì bí ìbejì. Adágún omi kan wà níbẹ̀ tó mọ́ débi pé ojú máa ń ti àwọn ẹja inú ẹ̀, wọn kì í jẹun ní gbangba. Àwọn ọlọ́lá tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wọn, òun ni yóò kọ orúkọ sílẹ̀, ọmọ ọmọ ẹ̀ ni wọn yóò pè wọlé, àfi bí ọmọ náà bá ń wúkọ́ sókè jù.

Ṣùgbọ́n koríko ibẹ̀ ni baba gbogbo ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ló sì ni koríko yẹn. Kì í ṣe pé ó rà á o. Òun ló ń gé e, òun ló ń bomi rin ín, òun ló ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Nítorí bó ṣe ń fá a mọ́lẹ̀ kodoro ni gbogbo òṣìṣẹ́ ṣe ń pè é ní Gbàjámọ̀. Èmi, wọ́n ń pè mí ní Rédíò, torí pé wọn ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pa mí. Iṣẹ́ tèmi ni ẹ́ńjìnnì. Èmi ni mò ń tún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ṣe. Ìyá kan náà ló bí wa, àmọ́ ó jọ pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwa méjèèjì pín, èmi nìkan ló kó o lọ, nítorí Gbàjámọ̀ lè jókòó tì yín láti àárọ̀ dọ̀sán kó má sọ ju "hẹn" lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ díẹ̀, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ibi tí ihò bọ́ọ̀lù wà, tí koríko ti kúrú bí irun orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé, ibẹ̀ là ń pè ní gíríìnì. Ihò yẹn kì í gbé ojú kan. Àràárọ̀ ni bọ̀ọ̀dá mi ń lọ gé òmíràn. Irin kan wà tó dà bí agolo tí kò nídìí. Yóò fi gún ilẹ̀, yóò yí i, yóò sì fa ilẹ̀ jáde tòun ti koríko orí ẹ̀, bí ìgbà tèèyàn bá yọ èdídí lẹ́nu ìgò. Èdídí yẹn ni yóò gbé lọ fi dí ihò àná. Yóò tẹ̀ ẹ́, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja wò ó láti ẹ̀gbẹ́, títí kò fi ní sẹ́ni tó lè sọ pé ihò kan ti wà níbẹ̀ rí. Mo ti rí èèrà tó wá ihò àná títí, tó fomijé darí sílé.

Ó ti gé ihò tó pọ̀ ju irun orí mi lọ. Kò sì fìgbà kankan gbá bọ́ọ̀lù sínú ọ̀kan rí. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara ẹ̀.

Àyè wà o. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn ọlọ́lá máa ń yọ̀ǹda pápá fún àwa òṣìṣẹ́ pé ká gbá tiwa. Wọn á yá wa ní ọ̀pá àtijọ́, a ó sì tú jáde bí ewúrẹ́ tó já okùn. Àwa tí a ò mọ ọ̀pá dì mú, a ó máa gbẹ́ ilẹ̀ bí òkété tí àna ẹ̀ ń bọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi kì í fọwọ́ kan ọ̀pá. Garawa iyanrìn ló máa ń gbé tẹ̀lé wa. "Ẹ máa gbá a," á ní, "èmi ó máa dí ojú ọgbẹ́."

Àfi lọ́dún yìí tó wá bá mi níbi tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì.

"Rédíò."

"Bọ̀ọ̀dá mi."

"Pa ẹ̀rọ yẹn ná."

Mo pa á.

"Mo fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ àwa òṣìṣẹ́."

Ẹ̀rín pa mí débi pé sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ṣé ẹ ti gba àṣẹ lọ́wọ́ koríko?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ó ní ojú òun ń pa dé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ìgbà tèèyàn bá ń fa kọ́tìnì wá sáàárín. Dókítà sì ti sọ fún un pé kò sóògùn tó lè ṣí èyí tó ti pa dé, pé kí ọdún mìíràn tó yí po, kọ́tìnì á ti pàdé.

"Ta ló mọ̀?" mo bi í.

"Ìwọ."

"Ọ̀gá Pápá ńkọ́?" Ọ̀gá Pápá ni olórí gbogbo àwa tí à ń tọ́jú ilẹ̀.

"Tó bá mọ̀, ṣé á jẹ́ kí n tún mú irin dání?" Ó tẹ́ ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ. "Ẹyọ kan ni mo fẹ́, àbúrò mi. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, kó wọ ihò kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ ara mi gé, kí n sì fojú mi rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá fẹ́ ṣú, kó ṣú."

Mo wá àwàdà kan nínú ara mi bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ti ya. Kò sí.

Nígbà tọ́jọ́ pé, bọ̀ọ̀dá mi ti jí lọ gé gbogbo ihò bó ṣe máa ń ṣe, kó tó wá bá wa. Mẹ́ta la jọ rìn: èmi, òun, àti Ìyá Ṣíbí, olórí àwọn alásè ilé ẹgbẹ́ náà. Obìnrin yìí sanra, ó lágbára. Tó bá fọwọ́ gbá tábìlì, àwo tó wà ní yàrá kejì á dọ̀bálẹ̀ kí i. Ọ̀gá Pápá ti ka òfin fún wa: ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tí kò tíì wọ ihò, kó gbé bọ́ọ̀lù ẹ̀ kó máa lọ síbi ihò tó kàn, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà sùn lórí ìdúró. Tóòrùn bá sì ti ń wọ̀, òun á fọn fèrè, ó parí nìyẹn.

Ní ibi àkọ́kọ́, Ìyá Ṣíbí gbá tiẹ̀, bọ́ọ̀lù náà sá wọ inú òdòdó, kò sì jáde mọ́. Bóyá ó ti bímọ síbẹ̀ báyìí. Ó kan bọ̀ọ̀dá mi. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kì í ṣòro, torí orí èèkàn kékeré kan ni wọ́n máa ń gbé e lé. Ó gbá a, ó sì fò.

"Níbo ló lọ?" ó rọra bi mí.

Mo ti mọ̀ pé èmi lójú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo pariwo pé, "Háà! Bọ̀ọ̀dá mi, ó ti kọjá àwọsánmà! Ó kí ọkọ̀ òfúrufú kan, àwọn èrò inú ẹ̀ sì ń juwọ́ sí i!"

"Irọ́ ni," ó ní, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀ yọ díẹ̀.

A débi tí bọ́ọ̀lù náà wà lórí koríko. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí bọ́ọ̀lù bá ti wà lórí koríko, ẹni tó bá fẹ́ kó fò gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá lu ilẹ̀ mọ́ ọn. Ègé koríko kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ gbọ́dọ̀ fò dìde. Kò sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é míì. Bọ̀ọ̀dá mi gbé ọ̀pá sókè, ó lẹ́wà, ẹ̀ bá rò pé ó ti ń gbá a láti inú ìyá ẹ̀. Ọ̀pá ń bọ̀ nílẹ̀, ń bọ̀ nílẹ̀, ó kù bí irun ẹyọ kan kó kan koríko, ọwọ́ ẹ̀ gbé e sókè! Ọ̀pá fẹnu ko orí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri díẹ̀, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n Gbàjámọ̀," Ìyá Ṣíbí ní, "ṣé ẹ̀ ń gbá a ni àbí ẹ̀ ń jí i lójú oorun?"

"Ẹ lu ilẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi," mo wí.

"Mo fẹ́ lù ú. Ọwọ́ mi ló ń gbé e sókè."

"Ẹ bá ọwọ́ yín sọ̀rọ̀."

"Mo ti bá a sọ̀rọ̀."

Ọwọ́ tó ti ń wo koríko sàn látìgbà tí mo ṣì ń tọ̀ sílé, ẹ ní kó wá dá ọgbẹ́ sí i lára. Ọwọ́ kọ̀. Ó gbá a títí ó fi pé mẹ́jọ, bọ́ọ̀lù náà ń rákò bí aáyán tó ti jẹ májèlé. Kò dé gíríìnì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e.

Bẹ́ẹ̀ ló rí níbi kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí níbi kẹta. Ibi kan wà tó kúrú, tí bọ́ọ̀lù orí èèkàn lè fò dé gíríìnì tààrà, àmọ́ adágún wà láàárín, omi sì ni bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ. Mo ní ẹja kan ti gbé e mì, pé ẹja náà ti di ọmọ ẹgbẹ́ kó tó di èmi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn onígéètì tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ń pariwo pé, "Gbàjámọ̀! Ṣé kí á bá yín gbé àga wá?" Ìyá Ṣíbí yíjú sí wọn: "Ẹ̀yin lẹ máa jẹun àárọ̀ nílé ìdáná mi lọ́la o!" Kẹ́kẹ́ pa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé láàárín gbogbo ẹ̀, bí èmi tàbí Ìyá Ṣíbí bá ti hú koríko, á ti kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó kó iyanrìn sí àpò ṣòkòtò ẹ̀ méjèèjì. Á fọwọ́ wá ọgbẹ́ náà nílẹ̀ bí ẹni tí owó ẹ̀ já bọ́ nínú òkùnkùn, á dí i, á tẹ̀ ẹ́. Nígbà tá a fi máa dé ibi tó ṣìkejì ìgbẹ̀yìn, ojú ẹ̀ ti rí bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ jù. Ó jókòó sílẹ̀.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé, Rédíò. Kì í ṣe tèmi."

"Sílé ibo? Bọ̀ọ̀dá mi, koríko yìí ò mọ̀ yín o! Kò mọ orúkọ yín! Ojoojúmọ́ làwọn ọlọ́lá ń hú u bí irun àgbọ̀n, kò sì bá wọn jà!"

"Wọn kì í dí i. Èmi ni mò ń dí i. Ta ló máa dí i lẹ́yìn mi?"

"Èmi!" Mo lu àyà mi gbàgbà. "Ẹ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọgbẹ́ tẹ́ ẹ bá dá síbẹ̀, èmi ni n ó wò ó sàn, bí mo tilẹ̀ máa sùn tì í bí abiyamọ."

Ó wò mí pẹ́. Bóyá ojú mi ló ń wá. Lẹ́yìn náà ó dìde.

Ibi ìkẹyìn ló dára jù ní gbogbo pápá náà. Igi dúró lọ́tùn-ún lósì bí ẹ̀ṣọ́, gíríìnì sì wà níwájú lẹ́bàá adágún, tó ń dán bí ẹ̀yìn àwo. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ṣe tán ti pé yí i ká. Ọ̀gá Pápá náà wà níbẹ̀, fèrè wà lọ́rùn ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi gbá a tán lórí èèkàn, ó tún bẹ̀rẹ̀ aáyán ẹ̀: ìkejì, ìkẹta, títí ó fi di ìkẹfà. Nígbà tó fẹ́ gbá ìkeje, ó pa ojú ẹ̀ dé. Mo rí i. Ó pa á dé gbọingbọin.

Ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀. *Gbì!*

Ègé koríko kan fò dìde, iyẹ̀pẹ̀ tú ká. Bọ́ọ̀lù gbéra! Ìyá Ṣíbí kígbe, àwọn èèyàn tó wà níwájú kígbe, èmi náà ké bí ẹni tí iná mú. Bọ́ọ̀lù kọjá, ó balẹ̀ sórí gíríìnì, ó sì dúró nítòsí ihò. Mo yíjú padà kí n gbé bọ̀ọ̀dá mi sókè. Mi ò rí i lórí ìdúró. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń rákò, ó ń fọwọ́ méjèèjì wá ègé koríko náà. Nígbà tó rí i, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ bí ọmọ ẹyẹ tó já bọ́ látorí ìtẹ́.

"Ó wà lórí gíríìnì!" mo wí. "Bọ̀ọ̀dá mi, ó wà níbẹ̀!"

"Dúró ná," ó ní. Ó dá koríko náà padà sáyè ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. "Dúró, mò ń bọ̀."

Lórí gíríìnì, èèyàn kì í lu ilẹ̀. Ṣe lèèyàn ń ti bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́. Ẹyọ kan ló kù fún un, ìkẹjọ. Ibi tí bọ́ọ̀lù wà sí ihò ò ju gígùn ibùsùn méjì lọ. Mo yọ àsíá tó wà nínú ihò, mo gbé bàtà mi sí ẹ̀yìn ihò gan-an.

"Ẹ wo bàtà mi, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ tì í sí bàtà mi."

"Mo rí i."

Gbogbo ayé dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, ẹ fojú inú wò ó. Ó ti bọ́ọ̀lù náà, ó sì ń bọ̀ tààrà bí ọ̀rọ̀ olóòótọ́. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, mo ti la ẹnu láti kígbe. Àfi bó ṣe ta pọ́ún bí ọ̀pọ̀lọ́! Nǹkan kan gbé e sókè, ó yà bàrá, ó bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì ń yí lọ sísàlẹ̀ láìdúró. *Tó!* Adágún gbà á.

"Ṣé ó wọlé?" bọ̀ọ̀dá mi bi wá.

Mo lọ síbi tí bọ́ọ̀lù ti ta pọ́ún.

"Rédíò. Ṣé ó wọlé? Mo gbọ́ omi."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ihò àná ni. Èdídí tí wọ́n fi dí i yọ sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan, bíi kókó iwájú orí ẹni tó forí gbá ilẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá mi ti débẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ ra ilẹ̀ títí ìka ẹ̀ fi kọ lu kókó náà. Ó dúró síbẹ̀.

"Ta ló dí ihò yìí?"

Gbogbo wa mọ̀ pé èèyàn kan ṣoṣo ló ń dí ihò ní pápá yìí.

"Èmi ni!" mo sáré wí. "Èmi ni mo gun orí ẹ̀ láàárọ̀. Tirakitọ mi ló—"

"Rédíò, ohun tí tirakitọ bá tẹ̀, ṣe ló máa ń wọlẹ̀." Kò pariwo mọ́ mi. Ó ṣì ń fọwọ́ pa kókó náà. "Mo wò ó láàárọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ wò ó. Ó tẹ́jú."

Mo rí i tí Ọ̀gá Pápá gbójú sókè wo ọwọ́ tó ń táràrà nílẹ̀ yẹn. Mo rí i tó yé e. Ọmọlúwàbí ni, kò sọ ọ́. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò kà. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù míì síbẹ̀, ẹ tún un gbá."

"Ẹ tún un gbá!" gbogbo wọn ké. Ìyá Ṣíbí ti gbé bọ́ọ̀lù tiẹ̀ wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà, ẹ jọ̀ọ́."

Bọ̀ọ̀dá mi ò gba bọ́ọ̀lù. Ọ̀bẹ kékeré tí ó ń lò ló yọ. Ó tú èdídí náà jáde, ó ha ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ díẹ̀, ó dá a padà, ó fọwọ́ wò ó. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún tú u. Oòrùn ń rìn lọ sẹ́yìn àwọn igi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ilẹ̀ ń ṣú. Ẹ gbá a ná, èmi ó bá yín ṣe ìyẹn."

"Wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù níbí lọ́la, Rédíò. Mi ò lè fi í sílẹ̀ báyìí."

Ó dọ̀bálẹ̀ kó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, bó ṣe máa ń ṣe. Ó wò ó, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lé e, ó sì ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ra koríko lọ, ra á bọ̀, bí ọmọ tó ń wá ọmú. Ẹnìkan lẹ́yìn mi bú sẹ́kún. Mi ò wẹ̀yìn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìyá Ṣíbí.

Nígbà tó dìde, koríko náà ti tẹ́jú. Mo gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún un, mo sáré lọ gbé bàtà mi sẹ́yìn ihò. Ó di ọ̀pá mú. Ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì.

"Níbo lo wà?"

"Níbí, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ wo bàtà mi."

Ó dúró. Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, àwa tó kù ń ríran. Ó wo ilẹ̀ níwájú ara ẹ̀, níbi tí bọ́ọ̀lù funfun wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kò sì rí i. Ó na ọ̀pá sí mi.

Ọ̀gá Pápá ò fọn fèrè rárá. Ó wá bá wa, ó dọ́wọ́ lé èjìká bọ̀ọ̀dá mi. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "lọ́la, ẹ sinmi nílé."

Gbogbo wa ló yé pé lọ́la yẹn kì í ṣe ọjọ́ kan.

Lójú ọ̀nà, ó di apá mi mú. Kò dì í mú rí.

"Bọ́ọ̀lù tó fò yẹn," ó ní, "báwo ló ṣe fò?"

Mo la ẹnu. Mo ti to idì, òṣùpá àti ọkọ̀ òfúrufú mẹ́ta jọ.

"Má fi iyọ̀ sí i. Bó ṣe rí gan-an."

Mo gbé wọn mì. "Ó gbéra," mo wí. "Kò ga púpọ̀. Ó balẹ̀, ó ta lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bọ̀ọ̀dá mi."

"Hẹn," ó ní. Látìgbà náà ni mo ti ń ronú pé ǹ bá ti parọ́.

Ilé ló wà báyìí, lórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kọ́tìnì ti pàdé. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í bi mí nípa ẹni tó ń gé ihò, kì í béèrè Ọ̀gá Pápá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń bi mí.

"Ọgbẹ́ tí mo dá síbẹ̀ yẹn, ṣé ó ti sàn?"

"Ó ti sàn!" mo máa ń wí. "Ó hù débi pé ó ń yọ àwọn koríko yòókù lẹ́nu! Àwọn ọlọ́lá ń bọ́ fìlà fún un!"

Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní irọ́ ni, á sì fọwọ́ pa orúnkún ẹ̀.

Àràárọ̀ ni mò ń gbé omi lọ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo ti da iyanrìn sí i, mo ti fọ́n irúgbìn sí i, mo ti bá a sọ̀rọ̀, èmi Rédíò, mo ti bẹ̀ ẹ́. Koríko tó dá padà níjọ́un ti gbẹ, atẹ́gùn sì ti gbé e lọ. Ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, tó tó àtẹ́lẹwọ́ èèyàn kan.